Ta ni Ó Sọ Ìsọ̀ Ẹlẹ́mu di Ibi Ìtìjú?

Ìtìjú ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà ní ìlú York ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí àwọn ará Róòmù tẹ̀ dó ní ọdún 71 lẹ́yìn ìbí Jésù. Mo rìn lórí odi ìlú náà, mo wọ ilé ìjọsìn ńlá wọn, nígbà tí ẹsẹ̀ sì ń ro mí, mo yà sí ilé ọtí kan ní òpópónà Stonegate tí wọ́n ń pè ní Ye Olde Starre Inne. Pátákó orúkọ ilé náà na ojú pópó já láti apá kan dé èkejì. Wọ́n sì ń fi yangàn pé láti ọdún 1644 ni ó ti ní ìwé àṣẹ ọtí títà. Bàbá arúgbó kan tí ó jókòó tì mí bi mí ní ìlú mi. Mo ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ní etí ọ̀sà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó ní, irú ilé ọtí wo ni a ní níbẹ̀, kí sì ni àwọn àgbà wa máa ń sọ bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀?

Mo la ẹnu, n kò rí èsì fọ̀. Kì í ṣe pé Ẹ̀pẹ́ kò ní ilé ọtí. Ìsọ̀ ẹlẹ́mu kan wà tí kò jìnnà sí ilé tí wọ́n gbé bí mi; mo mọ òórùn rẹ̀, mo mọ ariwo àwọn tí ń ta ayò níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò wọ ibẹ̀ rí. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé ọmọ ilé-ìwé kì í dé irú ibẹ̀, mo sì pa ìkìlọ̀ náà mọ́ títí irun fi funfun lórí mi. Ó wá di ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti ná owó ọkọ̀ òfuurufú, tí mo ti tò fún ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, kí n tó jókòó sí ilé ọtí onílé láti gbọ́ ìtàn ìlú onílùú. Bí a bá ń wá òmùgọ̀ ní ọjọ́ náà, ta ni ìbá tún jù mí lọ?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, ibi tí mo sì parí rẹ̀ sí ni èyí: ìsọ̀ ẹlẹ́mu ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn mẹ̀kúnnù fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Àwa alákọ̀wé ni a sọ ọ́ di ibi ìtìjú. Bí a kò bá sì tètè yí ọkàn padà, kò ní pẹ́ tí kò fi ní sí ohun tí a óò fi han àlejò, tàbí ọmọ tí a bí nínú ara wa, àfi kóńkéré àti géètì tí a tì pa.

Nígbà tí mo padà délé, mo pinnu pé n óò fi ojú ara mi rí ohun tí mo ti fi ìgbà èwe mi sá fún. Ìkòròdú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Rẹ́mọ ni ó tẹ ìlú náà dó, Ayangbùrẹ́n sì ni ọba wọn. Fún ìgbà pípẹ́, ẹnu ọ̀nà òwò ni Ìkòròdú jẹ́: ibẹ̀ ni ẹrù tí ó bá ti Ìbàdàn gba Rẹ́mọ kọjá ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, tí Gómìnà Glover fi rán ọmọ ogun gòkè láti Èkó, tí ìjà sì wáyé níbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, ọdún 1865. Inú ìwé ni mo ti ka èyí. Mo rìn ká Ìkòròdú láti wá ohun tí yóò sọ ọ́ fún àlejò, ìbáà ṣe pátákó kan, ìbáà ṣe òkúta kan. N kò rí i.

Ìsọ̀ ẹlẹ́mu kan ní ọ̀nà Ẹbúté ni mo ti gbọ́ ọ. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí ìsọ̀ náà, wọ́n sì to páànù tí ó ti dípẹtà lé e. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọpọ́n ayò kan, àti akèrègbè mẹ́rin tí ìfófò ń yọ lẹ́nu wọn. Mo bá bíríkìlà kan níbẹ̀, àti olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, àti atukọ̀ kan tí ó ti gbó. Mo kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó." Kò sí ẹni tí ó bi mí ní iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ ogun náà sílẹ̀, atukọ̀ fi ahá ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ìhà ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ sọ pé àwọn Ẹ̀gbá pàgọ́ sí. Olùkọ́ ní kì í ṣe ibẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Láti orí ogun, wọ́n bọ́ sí orí orúkọ ìlú, nítorí ìtàn kan sọ pé inú oko ọ̀dú, ewébẹ̀ tí a mọ̀, ni orúkọ náà ti wá. Atukọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ń béèrè ẹ̀rí. Bíríkìlà ní, "Ọ̀dú kì í ṣàìmọ̀ fún olóko, tíṣà. Ẹ̀yin tí ẹ kò roko rí ni ẹ ń béèrè ẹ̀rí." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà sì rẹ́rìn-ín jù.

Mo ti jókòó nínú ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà. N kò rántí ọjọ́ tí a yẹ ọ̀rọ̀ ìtàn wò tayọ̀tayọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí kò kàwé àti ẹni tí ó kàwé sì ní ohùn kan náà.

Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, ìyá ẹlẹ́mu ní, "Ẹ jẹ́ kó dùn mọ́ yín o, bàbá. Wọ́n ní ká kó kúrò kí ọdún tó parí. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbí." Mo bi í ní ibi tí yóò kó lọ. Ó ní, "Ọkọ mi ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gba igbà mọ́. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, máruwá ni wọ́n ń wà. Níbo la fẹ́ kó lọ?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹmu fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìwà rẹ̀ kò lè mọ ìdí tí ìsọ̀ fi ṣe pàtàkì. Bí omi ọ̀pẹ ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà inú afẹ́fẹ́ àti ti ara akèrègbè ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ ó dùn bí oyin. Ní ọ̀sán ó ti ń le. Ní ọjọ́ kejì ó ti kan. Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ti rí ọgbọ́n dá sí i, tí wọ́n ń fi ooru pa ìwúkàrà náà kí wọ́n tó rọ ẹmu sínú ìgò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ẹmu mọ̀ pé ohun tí ó wà láàyè ni wọ́n pa. Bíà lè gun ọkọ̀ òkun láti ìlú kan dé òmíràn, adùn rẹ̀ kò ní yí. Ẹmu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò lọ bá a nílé rẹ̀, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó dá a, kí ó sì mu ún ní wákàtí tirẹ̀. Ohun tí àwọn ìlú mìíràn ń fi owó ńlá wá, ìyẹn ohun tí àlejò kò lè rí níbòmíràn, òun ni Ọlọ́run gbé kọ́ sórí igi fún wa.

Láti Ìkòròdú mo gba Ìmọ̀tà àti Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ọjà Olúwo, níbi tí ẹja ọ̀sà ti ń ta ìrù nínú agbada, tí ẹran ìgbẹ́ sì wà lórí àtẹ. Ìlú méjì ni Ẹ̀pẹ́ nínú ọ̀kan. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀. Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ àwọn tí ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun lé e kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní oṣù Kejìlá, ọdún 1851. Ẹ̀pẹ́ ni Kòsọ́kọ́ ti bá Kọ́ńsúlù Campbell tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854. Nígbà tí ó padà sí Èkó ní 1862, àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé orúkọ ìlú wa lọ́wọ́ lọ, wọ́n sì fi sọ àdúgbò tuntun wọn ní Ẹpẹ́tẹ̀dó. Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1892, kí wọ́n tó gbógun lọ bá Ìjẹ̀bú. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ èyí? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó ń jó nínú ọdún Káyókáyó tí a ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti rántí dídé Kòsọ́kọ́. Ẹ bi wọ́n pé ta ni Kòsọ́kọ́, ẹ ó sì rí i.

Ìsọ̀ tí mo lọ ní Ẹ̀pẹ́ ni ìsọ̀ tí ìyá mi kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ṣì wà níbẹ̀, ní etí irà, ṣùgbọ́n irà náà ti sún sẹ́yìn. Ògùrọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Inú omi ni igi ògùrọ̀ ti ń hù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì ń so láyé rẹ̀ kí ó tó kú. Nítorí náà, oko ògùrọ̀ tí a kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ hù di òkú oko láàárín ìran kan. Adẹ́mu ibẹ̀ mú mi lọ wo tirẹ̀. Apá kan ṣì jẹ́ irà. Apá kejì ti kún fún yanrìn funfun, wọ́n ti fi òpó kéékèèké pín in sí púlọ́ọ̀tì. Ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kí àti ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbejú-Lẹ́kí tí ó múlé tì wá, owó ilẹ̀ sì ti ga ju ọ̀pẹ lọ. N kò bá ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa jà. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, nínú gbogbo ilẹ̀ tí a ń tà, ṣé a kò lè dá èékà díẹ̀ sí?

Adẹ́mu yìí náà ni ó mú mi dé Erédò Ṣùngbọ́. Kò sí atọ́nà ìjọba kankan níbi tí a gbà wọlé. Ọ̀nà oko ni a tọ̀. Nígbà tí a dé etí yàrà náà, mo gbójú sókè, mo gbójú sílẹ̀, ara mi sì bù máṣọ. Ògiri erùpẹ̀ pupa ni, ewé tútù bo ara rẹ̀. Níbi tí ó ti ga jù, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé òkè odi, ó tó mítà ogún. Gígùn rẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó kìlómítà 160. Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959; Patrick Darling pòkìkí rẹ̀ fún aráyé ní 1999; ó sì ti wà nínú ìwé àwọn ohun tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún aráyé láti 1995. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọjọ́ orí rẹ̀. Odi York tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ rìn lórí rẹ̀ ńkọ́? Kò ju kìlómítà mẹ́ta àbọ̀ lọ! Lẹ́sẹ̀ odi tiwọn, kò sí ibi tí ènìyàn yóò yà sí tí kò ní rí ilé ọtí, ìwé ìtọ́nà àti ọmọdé ilé-ìwé. Lẹ́sẹ̀ tiwa, katakata ń hú erùpẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, ọtí ni mo ń polówó, nínú ìlú tí ó kún fún Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ. Rárá o. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá ní kí ó má mu, kí ó má mu. Mo rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ Ẹ̀pẹ́, tí ó gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kalẹ̀ tí ó sì ń fi ayò na gbogbo wọn. Ìjókòó ni mo ń jà fún. Káyókáyó fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀kán ọtí kan nínú, síbẹ̀ ó kó ìlú jọ, ó bọ́ wọn yó. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń fún ènìyàn ní àyè láti jókòó ti ara wọn, kí ìtàn lè ti ẹnu kan bọ́ sí etí kejì.

Kí a tilẹ̀ sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ni ó lé àwa alákọ̀wé kúrò ní ìdí ẹmu. Láti ìgbà tí ìgò Star kìíní ti jáde ní Ìgànmú ní 1949, àìmọye nínú wa ni ó ti ń mu bíà ní gbangba láìbojú wẹ̀yìn. Bíà inú fíríìjì kì í ṣe ìtìjú. Ẹmu inú akèrègbè ni ìtìjú. Ìjọba amúnisìn ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí: jíìnì tiwọn ń gba èbúté wọlé, wọ́n ń gba owó orí lé e, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá se ògógóró fẹ́wọ̀n jura. Nígbà tí Amos Tutùọlá kọ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀mu ẹmu, tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, òyìnbó ń yìn ín, àwọn alákọ̀wé wa kan sì ń tijú rẹ̀. A ti gba òmìnira láti 1960. Ìtìjú náà kò tíì gba òmìnira.

Àwọn mìíràn yóò ní, ìdàgbàsókè ni ó dé, ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún tuntun. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí a ń fara wé. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ńláńlá fẹ́ pa ọtí ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì run, àwọn tí ń mu ún kò ká ọwọ́ gbera. Ní 1971 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ CAMRA, ẹgbẹ́ náà dàgbà, ó sì jà títí àwọn olówó fi gbọ́. Ní 2011, ìjọba wọn ṣe òfin kan tí ó jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò lè fi orúkọ ilé ọtí wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tí ó ṣe àwùjọ láǹfààní. Bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ tà á, a óò fún wọn ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n fi kó owó jọ, bóyá wọ́n lè rà á. Ìwọ̀nyí ni àwọn tí a rò pé wọ́n ti fi ohun àtijọ́ sílẹ̀! Àwọn tí ó kọ́ wa ní ìtìjú kò tijú tiwọn rí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ga ju ohun tí ọwọ́ lè tó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ìsọ̀ ẹlẹ́mu tí ó ti pẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n má sì lé ẹnikẹ́ni kúrò láìfún un ní àyè mìíràn ní àdúgbò kan náà. Kí wọ́n dá oko ọ̀pẹ kan sí ní Ìkòròdú, àti irà ògùrọ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, kí ọmọ igi lè rọ́pò ìyá rẹ̀, kí a sì san owó fún àgbà adẹ́mu láti kọ́ ọmọṣẹ́. Kí a ri pátákó mọ́ ojú ogun 1865, mọ́ ibi tí Kòsọ́kọ́ gbé, mọ́ ẹnu ọ̀nà Erédò, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ṣáájú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi kóńkéré rẹ́ ìsọ̀ náà, kí wọ́n má sì gbé géètì sí i. Ìsọ̀ tí a bá ti ń gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti di òtẹ́ẹ̀lì. Bíríkìlà kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ìtàn yóò sì bá a lọ.

Àwa alákọ̀wé ni iṣẹ́ tí ó kù já lé léjìká, kò sì ná wa ju owó ahá ẹmu kan tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ. Kí a lọ jókòó. Kí a mú àwọn ọmọ wa dání. Kí a pa ẹnu mọ́, kí a gbọ́ ohun tí atukọ̀ mọ̀ tí a kò mọ̀.

Mo ti ní èsì fún arúgbó York báyìí. Bí mo bá tún bá a pàdé, n óò sọ fún un nípa atukọ̀ àti olùkọ́, nípa oko ọ̀dú, nípa adẹ́mu tí ó mọ ọ̀nà Erédò bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ni ó ń bà mí: kí arúgbó náà má baà ní, "Ó dára, mò ń bọ̀ wá wò ó." Oṣù mélòó ni ó kù kí ọdún ìyá ẹlẹ́mu tó parí?